Ẹ̀dọ̀ àti Àwọn Ọmọ Ogun Ara Nígbà Tí Fáírọ́ọ̀sì Bá Wọlé

Ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀yà ara tó tóbi jù lọ nínú ikùn ọmọ ènìyàn. Ti àgbàlagbà máa ń wọn tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ó ń ṣe òróòro, ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, ó sì ń fọ́ oògùn àti ọtí sí ohun tí ara lè dà nù. Iṣẹ́ kan wà tí a kì í sábà kà mọ́ ọn: ẹ̀dọ̀ wà lára àwọn ibùdó tó lágbára jù nínú ètò ààbò ara. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń pín sí méjì fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé: bóyá wọn yóò gbógun tì í, tàbí wọn yóò fàyè gbà á kó máa bá wọn gbé. Nítorí èyí ni àgbàlagbà tó kó fáírọ́ọ̀sì àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítìsì B, fi sábà máa ń borí rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, tí ọmọ tuntun tó kó fáírọ́ọ̀sì kan náà lára ìyá rẹ̀ sì lè máa gbé e kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà

Ìwà ẹ̀dọ̀ kò lè yé ènìyàn bí kò bá mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí lítà kan àti ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ yìí kò wá láti ọkàn tààrà. Inú ìfun àti àpòlúkù ló ti kọ́kọ́ kọjá kí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan tó kó o wá sínú ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá jẹ, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò. Èròjà oúnjẹ, àjákù bakitéríà tó ń gbé inú ìfun, oògùn tí a gbé mì, gbogbo wọn ń bá ẹ̀jẹ̀ yìí wọlé tọ̀sán-tòru. Oníbodè tó bá ń yọ idà sí gbogbo àlejò tó dé ẹnu ibodè yóò pa ọjà ìlú rẹ̀ run. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń pe ogun sí gbogbo ohun àjèjì tó rí, òun fúnra rẹ̀ ni ogun náà yóò kọ́kọ́ jó.

Nínú ẹ̀dọ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ náà pín sí ojú ọ̀nà tóóró-tóóró tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sinusoid. Wọ́n tóóró débi pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà náà, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń rọra ṣàn níbẹ̀. Ògiri wọn kò rí bíi ti òpó ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí fífẹ̀ wọn tó nǹkan bíi nanomítà 100 sí 200, kò sì sí awọ líle tó tì í lẹ́yìn. Níbi púpọ̀ nínú ara, sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun gbọ́dọ̀ fi ipá jáde kúrò nínú òpó ẹ̀jẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàìsàn. Nínú ẹ̀dọ̀, kò nílò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, Luca Guidotti, Matteo Iannacone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní San Raffaele, ìlú Milan, fi maikirosikóòpù wo inú ẹ̀dọ̀ eku tó wà láàyè. Wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń pa fáírọ́ọ̀sì máa ń dúró níbi tí àwọn èérún tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri sinusoid. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rá kiri nínú ojú ọ̀nà náà, tí wọ́n ń ti apá wọn tín-ín-rín gba àwọn ihò náà, tí wọ́n sì ń fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó wà lódìkejì. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ti rí ọ̀tá, tí wọ́n sì ti bá a jà. Kò sí ibòmíràn tí a mọ̀ nínú ara tí irú ìpàdé báyìí ti rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an, ìyẹn hẹpatosáìtì, ló gba bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ààyè ẹ̀dọ̀. Àwọn ni fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú ń wá. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun, síbẹ̀ wọn kò jókòó lásán: àwọn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn purotéènì ààbò tó ń bá ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, títí kan àwọn tó ń fa ara bakitéríà ya.

Lára ògiri sinusoid ni àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer ń gbé. Àwọn ni ajẹ̀dọ̀tí ẹ̀dọ̀. Ìdá 80 sí 90 nínú 100 gbogbo sẹ́ẹ̀lì irú wọn tó fìdí kalẹ̀ nínú ara ènìyàn ló wà nínú ẹ̀dọ̀. Wọ́n máa ń gbé bakitéríà tó sá kúrò nínú ìfun mì kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọkàn. Ìtàn orúkọ wọn yẹ ní sísọ. Karl Wilhelm von Kupffer, onímọ̀ ará Jámánì, ló kéde ní ọdún 1876 pé òun rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rí bí ìràwọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Tadeusz Browicz ará Pólándì ló wá ṣàlàyé àwọn ajẹ̀dọ̀tí náà bó ṣe yẹ ní ọdún 1898. Ní ọdún 1971, Kenjiro Wake ní Japan fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ tí Kupffer rí jẹ́ ẹ̀yà mìíràn pátápátá, àwọn tó ń tọ́jú fítámì A. Orúkọ Kupffer ti lẹ̀ mọ́ àwọn ajẹ̀dọ̀tí nígbà náà, kò sì kúrò lára wọn mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ ọ̀hún náà ní ipa tiwọn: bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara gba ọgbẹ́ lemọ́lemọ́, àwọn ló ń hun àpá tó ń sọ ẹ̀dọ̀ di líle.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú sinusoid fúnra wọn wà lára àwọn tó ń pinnu. Wọ́n ń gbá àjákù purotéènì mọ́ra láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń fi í han àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà fi í hàn sábà máa ń jẹ́ èyí tó ń pẹ̀tù sí ìbínú. Yàtọ̀ sí wọn, ẹ̀dọ̀ kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì apani tí kì í dúró de ìtọ́ni: sẹ́ẹ̀lì NK pọ̀ níbẹ̀ ju inú ẹ̀jẹ̀ lásán lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ń pè ní MAIT, tó mọ òórùn bakitéríà, sì lè tó ìdá 20 sí 50 nínú 100 gbogbo sẹ́ẹ̀lì T ẹ̀dọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀mí ìfaradà

Ẹ̀rí tó kọ́kọ́ la ojú àwọn oníṣègùn sí ìfaradà ẹ̀dọ̀ wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún 1969, Roy Calne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé bí àwọn bá gbé ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan sínú òmíràn tí wọn kò bá tan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara ẹlẹ́dẹ̀ kejì ń gbà á láìsí oògùn kankan tó ń dẹ́kun ààbò ara. Bí wọ́n bá gbé kíndìnrín fún un, ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wá gbé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín láti ara ẹlẹ́dẹ̀ kan náà pọ̀, ẹ̀dọ̀ ń bá kíndìnrín bẹ̀bẹ̀. Thomas Starzl ti kọ́kọ́ gbìyànjú àti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní Denver, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1963. Lónìí, àwọn díẹ̀ nínú àwọn tó gba ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn wọn lábẹ́ ìṣọ́ dókítà, ẹ̀dọ̀ tuntun náà kò sì yẹ̀.

Ọ̀nà tí ìfaradà yìí ń gbà ṣẹlẹ̀ pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer àti àwọn tó tẹ́ ojú sinusoid ń tú èròjà IL-10 àti TGF-beta jáde, èyí tó ń mú kí ọkàn àwọn sẹ́ẹ̀lì T rọ̀. Wọ́n tún ń gbé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní PD-L1 sí ojú wọn. Bí èyí bá ti kan PD-1 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì náà ń dẹwọ́. Ó tún kan ibi tí sẹ́ẹ̀lì T ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀tá. Bó bá jẹ́ nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà lọ́rùn, lábíyá tàbí nínú ikùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun níṣẹ́, yóò jáde gẹ́gẹ́ bí apani. Bó bá jẹ́ lára hẹpatosáìtì ló ti kọ́kọ́ rí i, yóò máa bí síi ṣùgbọ́n kò ní gbóná. Patrick Bertolino, David Bowen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Sydney ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ní ọdún 2011, àwọn ará Sydney náà tún fi hàn pé hẹpatosáìtì máa ń gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì T kan tó gbóná mì pátápátá, kó sì jẹ wọ́n run nínú ara rẹ̀. Ó ṣòro láti ka èyí kí ẹnu má ya ènìyàn: sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ọmọ ogun ń gbé ọmọ ogun mì kí àlàáfíà má baà bàjẹ́.

Èrò mi lórí gbogbo èyí ni pé a kò gbọ́dọ̀ pe ìfaradà ẹ̀dọ̀ ní àìlera. Òun ló ń jẹ́ kí a jẹun láìsí ìnira. Ìjàm̀bá ibẹ̀ ni pé àwọn fáírọ́ọ̀sì kan ti mọ ilé ọlọ́kàn tútù yìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ibi ìsádi.

Mẹ́dọ̀wú B: ọ̀tá tí kì í pariwo

Kò sí fáírọ́ọ̀sì tó jẹ nínú ìfaradà ẹ̀dọ̀ tó HBV, fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú irú B. Baruch Blumberg ará Amẹ́ríkà ló rí purotéènì tó bo ara rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan, ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1965. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 254 ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì yìí láì lè lé e jáde, mílíọ̀nù 65 nínú wọn sì wà ní Áfíríkà. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ló pa ní ọdún náà.

Ẹnu ọ̀nà tí HBV ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NTCP, èyí tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń gba iyọ̀ òróòro padà láti inú ẹ̀jẹ̀. Wenhui Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beijing ló rí ẹnu ọ̀nà yìí ní ọdún 2012. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti wọlé, yóò lọ sínú àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, yóò sì sọ jíìnì rẹ̀ di òrùka kékeré tí wọ́n ń pè ní cccDNA. Òrùka yìí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn oògùn tí a ní lónìí, bíi tenofovir àti entecavir, ń dá ìbísí fáírọ́ọ̀sì dúró, ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ kan òrùka náà.

Ìwà HBV ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jọ ti olè tó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Stefan Wieland àti Francis Chisari ní Scripps, ìpínlẹ̀ California, tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ìnàkí. Ní ọdún 2004, wọ́n kéde pé nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà ń tàn káàkiri ẹ̀dọ̀, kò sí jíìnì ìdágìrì kankan tó dìde, kò sì sí interferon, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kìlọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti dé, tó jáde. Ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì T dé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni ẹ̀dọ̀ tó ta jí.

Fáírọ́ọ̀sì yìí fúnra rẹ̀ kì í pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ojú tó ń pọ́n, ìtọ̀ tó ń dúdú, inú rírun àti àárẹ̀ tí aláìsàn ń rí, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ìdánwò kan tí Robert Thimme àti ẹgbẹ́ Chisari ṣe ní ọdún 2003 jẹ́ kí èyí dájú. Wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì T irú CD8, ìyẹn àwọn apani, kúrò lára ìnàkí tó kó HBV. Fáírọ́ọ̀sì kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bámúbámú, ẹ̀dọ̀ sì dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì CD8 padà dé ni àìsàn bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà sì ni fáírọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ìwòsàn náà kò sì gba pípa gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ní fáírọ́ọ̀sì nínú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí HBV ti kún gbogbo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò kú kó tó bọ́. Láti ọdún 1996, Guidotti àti Chisari ti fi hàn nínú eku, wọ́n sì fi hàn nínú ìnàkí ní ọdún 1999, pé àwọn ọmọ ogun ara ń tú interferon-gamma àti TNF jáde, èròjà méjì tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ pa fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀ láìpa sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú jíìnì HBV ti pòórá kí ìpalára ẹ̀dọ̀ tó dé góńgó. Nínú gbogbo ohun tí ìwádìí ti rí nípa ẹ̀dọ̀ àti fáírọ́ọ̀sì, èyí ló wù mí jù: ẹ̀dọ̀ lè wẹ ara rẹ̀ mọ́ láìwó.

Ìdí tí àwọn ọmọ ogun fi ń rẹ̀wẹ̀sì

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí mílíọ̀nù 254 ènìyàn kò fi borí rẹ̀? Ọjọ́ orí ni ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá. Nínú ọmọ tuntun 10 tó bá kó HBV lára ìyá rẹ̀, bí 9 ni yóò máa gbé e títí lọ. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kò tó 5 nínú 100. Ètò ààbò ọmọ tuntun ṣì ń kọ́ bí yóò ṣe mọ èwo ni tirẹ̀, èwo ni ti àlejò, fáírọ́ọ̀sì sì dé ní àkókò ẹ̀kọ́ náà. Ìfun wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ní Taiwan kéde ní ọdún 2015 pé eku tó ti dàgbà, tí bakitéríà inú ìfun rẹ̀ ti pé, máa ń lé HBV jáde, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi oògùn pa bakitéríà náà, kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó jọ pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìfun ń gbé wá sínú ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tó ń kọ́ ẹ̀dọ̀ ní bí yóò ṣe jà.

Fáírọ́ọ̀sì náà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó máa ń da purotéènì ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèpo òfìfo, tí iye wọn ń ju ẹgbẹ̀rún ìlọ́po fáírọ́ọ̀sì tòótọ́ lọ. Àwọn ọmọ ogun ń rí ọ̀tá níbi gbogbo, lọ́jọ́ gbogbo, fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tó bá yá, sẹ́ẹ̀lì T tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀dọ̀ yóò kún fún PD-1, yóò pàdánù agbára àtitú interferon-gamma jáde, yóò sì rọrùn láti kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì NK, tó yẹ kó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn, tún máa ń pa lára wọn: ẹgbẹ́ Mala Maini ní University College London fi èyí hàn ní ọdún 2013.

Ṣùgbọ́n àárẹ̀ nìkan kọ́ ni. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Iannacone ní Milan fi hàn nínú eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì CD8 tó kọ́kọ́ pàdé purotéènì HBV lára hẹpatosáìtì kò tilẹ̀ di jagunjagun rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń dí PD-L1 kò jí wọn, ṣùgbọ́n èròjà IL-2 jí wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ìsọ̀rí kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer ló ń gba ìhìn IL-2 yìí, tó sì ń tún àwọn sẹ́ẹ̀lì T kọ́. Ajẹ̀dọ̀tí tó ń pẹ̀tù síjà lánàá lè di olùkọ́ ogun lónìí, bí ìhìn tó yẹ bá dé etí rẹ̀.

Ní Munich, ẹgbẹ́ Percy Knolle ti rí nǹkan mìíràn. Ní ọdún 2013, wọ́n ṣàpèjúwe àwọn àkójọ sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń ṣùjọ nínú ẹ̀dọ̀ nígbà tí ìjà bá gbóná fún ìgbà díẹ̀, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì T ti ń bí síi ní kíákíá. Nínú àìsàn tó pẹ́ nílẹ̀, àwọn àkójọ yìí kì í yọjú. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ náà tún kéde nínú ìwé Nature pé sẹ́ẹ̀lì T tó bá pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú sinusoid máa ń gba ìhìn kan láti ara wọn, èròjà cAMP sì ń pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ọwọ́ ìjà rẹ̀ ń rọ. Wọ́n rí àmì kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì T àwọn ènìyàn tó ní mẹ́dọ̀wú B. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì T ti ń na apá gba inú ihò mú ọ̀tá, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ìjà rẹ̀ ti ń rọ.

Àwọn mìíràn kì í jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀ mọ́. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ Maini ṣàpèjúwe àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó fi ẹ̀dọ̀ ṣe ilé, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè rí. Wọ́n pọ̀ jù lára àwọn tí ara wọn ń ká HBV lọ́wọ́ kò. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ dípò kí wọ́n gbára lé ẹ̀jẹ̀ apá nìkan.

Ìjà àìparí yìí ló burú jù. Sẹ́ẹ̀lì T tí agbára rẹ̀ kò tó láti lé fáírọ́ọ̀sì ṣì ní agbára láti pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọgbẹ́ ń san, òmíràn ń dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ ń hun àpá sí i, ihò ojú sinusoid ń dí. Ẹ̀dọ̀ á le gbagidi, omi á kún ikùn, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lè tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kú báyìí ní ilẹ̀ wa kò mọ̀ pé láti ìgbà èwe ni ohun tó pa wọ́n ti wà lára wọn.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì mìíràn

Mẹ́dọ̀wú C kò yọ́ wọlé bíi B. Ó ń jí àwọn jíìnì interferon nínú ẹ̀dọ̀ kíákíá, síbẹ̀ ó ń dúró. Ó ní ọ̀bẹ kan, purotéènì NS3/4A, tó fi ń gé MAVS, ìyẹn okùn agogo ìdágìrì inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń yí ara rẹ̀ padà kíákíá débi pé sẹ́ẹ̀lì T tó mọ̀ ọ́n lánàá kò ní dá a mọ̀ lónìí. Bí ìdá 15 sí 45 nínú 100 àwọn tó kó o ló ń borí rẹ̀ láìsí oògùn. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí rí i pé ìyàtọ̀ kan nítòsí jíìnì interferon-lambda wà lára ohun tó ń pinnu ẹni tí yóò borí rẹ̀, àti ẹni tí oògùn interferon yóò ràn lọ́wọ́. Irú èyí tó ń ranni lọ́wọ́ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá. Ó ṣàlàyé díẹ̀ lára ìdí tí oògùn àtijọ́ náà kò fi ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di ti àná, nítorí àwọn oògùn oníhóró tuntun ń wo ẹni tó ju 95 lọ nínú 100 sàn láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Wọn kò fi ààbò sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, nítorí náà ènìyàn lè tún un kó.

Mẹ́dọ̀wú A máa ń wá, á sì lọ. Kì í jókòó.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ẹ̀fọn ń kó ranni, fi òdìkejì HBV hàn wá. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọ àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer, lẹ́yìn náà ó ń kọlu hẹpatosáìtì, pàápàá àwọn tó wà láàárín ìsọ̀rí ẹ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pa wọ́n. Àwọn ọmọ ogun ara kì í sábà pọ̀ níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti kú náà. Fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni apani níhìn-ín. Èkó ní ipò nínú ìtàn yìí. Ní Yaba ni ìgbìmọ̀ ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí Rockefeller Foundation dá sílẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ṣe ibùdó ní àwọn ọdún 1920. Ní ọdún 1927, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gold Coast (Gánà òde òní) kan tó ń jẹ́ Asibi, wọ́n sì gbé e sínú ọ̀bọ. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó àìsàn ọ̀hún, ó sì kú ní Èkó lọ́dún yẹn. Asibi yè é. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní ọdún 1937. Òun náà ni a ń gba títí dòní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ọjọ́ ayé wọn.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìtọ́jú

Bí a bá mọ̀ pé ọmọ ogun ara ló ń gba ẹ̀dọ̀ là, tó sì tún ń bà á jẹ́, a ó mọ̀ pé jíjí wọn gba ìṣọ́ra. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá ní fáírọ́ọ̀sì nínú, tí a sì tú gbogbo apani sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dọ̀ lè dákú. Nítorí náà, àwọn olùwádìí ń gbìyànjú láti kọ́kọ́ dín purotéènì HBV kù nínú ara, kí wọ́n tó pe àwọn ọmọ ogun dìde. Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ẹni tí HBV ti sùn lára rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tó wá gba oògùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń dẹ́kun ààbò ara, lè bá a pé fáírọ́ọ̀sì náà jí pẹ̀lú agbára tó lè pani. Kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó wọ ara ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún mẹ́dọ̀wú B.

Títí di ìgbà tí ìwòsàn pípé bá dé, ohun tó lágbára jù ni kí ọmọ ogun ara ti mọ ọ̀tá kó tó dé ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ń ṣe èyí nípa kíkọ́ ara láti inú iṣan apá tàbí itan, níbi tí ìfaradà ẹ̀dọ̀ kò sí. Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọ tuntun tí ìyá wọn ní fáírọ́ọ̀sì náà ní ọdún 1984, ó sì nà án dé gbogbo ọmọ lẹ́yìn náà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti dín kù gidigidi. Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ yìí sínú ètò àjẹsára ọmọdé ní ọdún 2004. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 fi hàn pé bí 8 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ló ní HBV lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ní ọdún 2022, kò ju 18 nínú 100 ọmọ tuntun lọ tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ náà lásìkò ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri ló ti kó o kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, lára ìyá, lára ẹ̀gbọ́n, tàbí nípa abẹ kan náà tí wọ́n fi fá orí ọmọ méjì.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ sọ fún wọn níbi ìtọ́jú aboyún pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún mẹ́dọ̀wú B. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà tó máa ń wà nílé nígbà tí ọmọ bá dé, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé, nítorí wákàtí yẹn ló ń pinnu ohun tí ẹ̀dọ̀ ọmọ náà yóò fara dà.